Lẹ́tà ṣíṣí sí Gíwá yunifásítì wa lórí Àgbẹ̀dẹ tí wọ́n tì pa

Sí Gíwá Yunifásítì wa, Òṣogbo.

Ọ̀gá wa tí a bọ̀wọ̀ fún,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì kí ìgbìmọ̀ aláṣẹ yunifásítì wa kú làálàá. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún karùn-ún ni mí ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ, mo sì wà lára àwọn tó ń ṣáájú ẹgbẹ́ tó ń kan ọkọ̀ kékeré oníbátìrì. Ilé iṣẹ́ ọwọ́ tí gbogbo ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà jọ ń lò, èyí tí ìwé yunifásítì ń pè ní makerspace tí àwa sì ń pè ní Àgbẹ̀dẹ, ni wọ́n fi àgádágodo tì láti ọ̀sẹ̀ kẹta sáà yìí. Ìkéde tó tẹ̀ lé e sọ pé nítorí ewu ni, lẹ́yìn tí bátìrì kan rú èéfín níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, àti pé wọn yóò sọ ibẹ̀ di gbọ̀ngàn ìdánwò orí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ti kọ̀wé gba ọwọ́ àwọn tó yẹ kí a gbà, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni wọ́n ní kí a máa fojú sọ́nà. Mo wá kọ èyí sí gbangba kí àwọn òbí tó ń sanwó, àwọn tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde àti àwọn ará Òṣogbo lè gbọ́ ọ láti ẹnu àwa fúnra wa.

Fún ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ rí: yàrá ńlá kan ni, tó ní lathe kan (ẹ̀rọ tí ń yí irin kí a lè fá a dé ìwọ̀n), dríílì ńlá kan, ẹ̀rọ wẹ́dìn méjì, tábìlì fún iṣẹ́ bọ́ọ̀dù (pátákó kékeré tí a ń to ẹ̀yà ẹ̀rọ iná sí), àti 3D printer (ẹ̀rọ tí ń fi ike yíyọ́ mọ nǹkan) méjì tí ọ̀kan ti kú tí a sì ń yọ ẹ̀yà ara rẹ̀ tọ́jú èkejì. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ló ń lò ó. Àwa ń kan ọkọ̀. Àwọn kan ń ṣe róbọ́ọ̀tì. Àwọn kan ń ṣe dróònù tí yóò máa fọ́n oògùn sí oko. Ẹgbẹ́ kẹrin ń ṣe ẹ̀rọ tí ń fún omi gbáàgúdá, àwọn ni a sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù, bẹ́ẹ̀ àwọn nìkan ni ẹnìkan láti ọjà ti wá bá pé òun fẹ́ ra iṣẹ́ wọn.

1. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ní alẹ́ ọjọ́ náà.

N kò ní fi ẹ̀bi wa pamọ́. Bátìrì ọkọ̀ wa ló rú èéfín. Inú bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ti bàjẹ́ ni a ti ń yọ sẹ́ẹ̀lì tí a fi ń kàn án, irú sẹ́ẹ̀lì róbótó tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 18 tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 65, nítorí pé tuntun rẹ̀ kọjá agbára wa. Irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, tí à ń pè ní lithium, kì í ṣe ohun tí èèyàn lè fi sórí ṣájà kí ó lọ sùn. Bí iná tó ń wọ inú rẹ̀ bá kọjá 4.2 volt tí kò sí ohun tó dá a dúró, ooru lè bẹ̀rẹ̀ sí í bí ooru nínú rẹ̀ títí yóò fi gbiná, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. A kò dán àwọn sẹ́ẹ̀lì náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. A so wọ́n pọ̀, a fi wọ́n sórí ṣájà, a sì lọ jẹun. Àwọn ẹgbẹ́ róbọ́ọ̀tì ló rí èéfín náà. Ọ̀kan nínú wọn da iyanrìn bò ó, wọ́n sì fi ṣọ́bìrì kó o jáde. Tábìlì kan jó. Kò sí ẹni tó fara pa.

Àṣìṣe wa nìyẹn, a sì ti jẹ́wọ́ rẹ̀ nínú ìwé tí a kọ ní ọjọ́ kejì. Ohun tí ìjábọ̀ ìgbìmọ̀ ìwádìí kò mẹ́nu bà ni pé láti ìgbà tí onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ Àgbẹ̀dẹ ti fẹ̀yìn tì, wọn kò gba ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Bàbá yẹn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ sálúbàtà wọlé. Bí o bá fẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ, yóò kọ́kọ́ ní kí o fi ibi tí wọ́n ti ń pa á han òun. Bí o bá ṣì í, ó di ọjọ́ kejì. Ní ìgbà tirẹ̀, ìta ni a ti ń ṣáàjì bátìrì, lábẹ́ páànù, pẹ̀lú garawa iyanrìn méjì. Nígbà tó lọ, páànù náà bẹ̀rẹ̀ sí í jò, a kọ̀wé, kò sí ẹni tó wá tún un ṣe, òjò sì lé wa kó bátìrì wọ inú ilé. Garawa iyanrìn tó pa iná náà, òun ló kó o wá síbẹ̀.

2. Ewu náà kò kúrò. Họ́sítẹ́lì ló kó lọ.

Ọ̀gá wa, mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka ibi yìí, nítorí òun gan-an ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Iṣẹ́ àṣekágbá kò dúró nítorí pé wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ọjọ́ tí a óò gbé iṣẹ́ wa síwájú àwọn olùyẹ̀wò kò yí padà, máàkì tó wà lórí rẹ̀ kò sì dín kù. Gbogbo ohun tí a ń ṣe ní Àgbẹ̀dẹ la ṣì ń ṣe. Yàrá tí a ń sùn la ti ń ṣe é.

Mo ti rí ẹni tó ń jó lẹ́ẹ̀dì mọ́ bọ́ọ̀dù lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ti gbogbo fèrèsé nítorí ẹ̀fọn. Irú lẹ́ẹ̀dì tó wọ́pọ̀ lọ́jà kò ní yọ́ àfi bí irin tí a fi ń jó o bá gbóná ju 183 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, aṣọ ìbora rẹ̀ sì wà lábẹ́ ìgúnpá rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ń gé irin lẹ́yìn ilé ìdáná họ́sítẹ́lì ní aago mẹ́wàá alẹ́, pẹ̀lú ẹ̀rọ onídíìsìkì tí ó ti tú ìbòrí rẹ̀ kúrò nítorí pé ìbòrí náà kò jẹ́ kó rí igun tó ń gé. Gíláàsì oòrùn ló fi bo ojú. Irú ẹ̀rọ kékeré bẹ́ẹ̀ lè yí tó ìgbà 11,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí díìsìkì rẹ̀ bá fọ́, ẹni tí yóò bà kò ní rí i kó tó bà á. Mo sì ti rí bátìrì lithium mẹ́rin lábẹ́ ibùsùn, nínú báàgì gaàrí, mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ti ẹgbẹ́ mi. Mo mọ̀ pé ìjẹ́wọ́ ni gbólóhùn yìí, wọ́n sì lè torí rẹ̀ pè mí síwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí. Mo kọ ọ́ nítorí pé n kò ní ibòmíràn tí mo lè kó wọn sí.

Ẹ jẹ́ kí á fi ibi méjèèjì wé ara wọn. Ní Àgbẹ̀dẹ, bátìrì rú èéfín lójú àwọn tó mọ ohun tó ń jẹ́ bátìrì, níbi tí ilẹ̀ jẹ́ kọnkéré, tí iyanrìn wà nítòsí, tí ilẹ̀kùn sì fẹ̀ tó láti gba mọ́tò. Ní họ́sítẹ́lì, èèyàn mẹ́fà ló ń sùn nínú yàrá tó ní ilẹ̀kùn kan, irin wà lójú fèrèsé, mátírẹ́ẹ̀sì onífóòmù sì kún láti ògiri dé ògiri. Àwọn mẹ́ta nínú mẹ́fà yẹn ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin àti ìṣirò owó. Wọn kò mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń sùn lé lórí lè gbiná. Bí irú èéfín ọjọ́ yẹn bá tún jáde, ní aago méjì òru ni yóò jẹ́, kò sì ní sí ẹgbẹ́ róbọ́ọ̀tì nítòsí. Ìgbìmọ̀ ààbò sọ pé àwọn ti mú ewu kúrò. Mo fẹ́ bèèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ lọ́wọ́ wọn: ibo ni wọ́n gbé e lọ?

3. Ọ̀rọ̀ pé kí a máa gbé iṣẹ́ wa lọ sí ìgboro.

Èyí ni ìdáhùn tí ọ̀kan lára àwọn aláṣẹ fi ẹnu fún wa. A ti ń lọ. N kò sì ní fẹnu tẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú yìí, nítorí pé ọ̀gá wẹ́dà kan ní Òkèfíà ló kọ́ mi bí a ṣe ń fi etí mọ̀ pé iná wẹ́dìn ti pọ̀ jù, ohun tí n kò rí kà nínú ìwé kankan. Ṣùgbọ́n géètì àti irin fèrèsé ni ọjà rẹ̀, iṣẹ́ tí kò sì nílò ju kí ó dúró dáadáa lọ. Bíárìnnì 6203, òrùka irin tí ń jẹ́ kí táyà yí wẹ́rẹ́, ni a fi sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ wa, èyí tí ihò àárín rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 17 géérégé, ọ̀pá tí yóò wọ inú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ṣe wẹ́kú pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí a kọ́kọ́ gbé e fún kò ní lathe. Ó fi ẹ̀rọ onídíìsìkì fá a, ó sì fi mìlímítà 16.5 lé wa lọ́wọ́. Táyà wa ń mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ ká. A gbé òmíràn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní lathe, a dúró fún ọjọ́ mẹ́rin nítorí iná, owó tí a san sì tó mi jẹun fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ní gbogbo àkókò yẹn, lathe yunifásítì wà lábẹ́ tapólì nínú Àgbẹ̀dẹ, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ta sí kíláàsì tí wọ́n ti ń ya àwòrán lathe fún wa lójú pátákó. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ wa ni ọ̀pá yẹn ti bọ́ sí 16.5, à bá mọ ibi tí a ti ṣì í, à bá sì tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Lọ́wọ́ ẹlòmíràn, owó nìkan ló lọ.

4. Owó tí a ń san, àti ohun tí a fi han COREN.

Owó yàrá àṣeṣe wà nínú ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà ń san lọ́dọọdún. Ó wà nínú ti ọdún yìí náà. Nígbà tí àwọn aṣàyẹ̀wò COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, ń bọ̀ wá yẹ ẹ̀kọ́ wa wò, Àgbẹ̀dẹ wà lára ibi tí wọ́n mú wọn dé. Àwa la gbá a, àwa la kun ògiri rẹ̀, àwa náà la dúró ti ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tí a ń ṣàlàyé. Kò yé mi bí a ṣe lè fi yàrá kan yege ìyẹ̀wò kí a sì sọ ọ́ di nǹkan mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Láti 1973 sì ni ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́, ti dá ètò SIWES sílẹ̀, èyí tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́, nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ ń ké pé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ nínú ìwé kò bá iṣẹ́ ọwọ́ àwọn mu. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò di ayùn irin mú rí kó tó lọ, ṣe ni yóò máa ra oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọ̀gá níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí mo rí wọn.

5. Gbọ̀ngàn ìdánwò náà.

N kò lòdì sí i. Mo ti jókòó nínú èyí tó wà nílẹ̀, mo mọ̀ pé ó kéré, mo sì mọ̀ pé àwọn ọmọ ọdún kìíní ń tò síta nínú oòrùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni wọ́n kọ́ Àgbẹ̀dẹ fún. Iná fésì mẹ́ta, irú èyí tí ẹ̀rọ ńlá ń lò, wọ ibẹ̀, kọnkéré tó nípọn wà lábẹ́ lathe àti dríílì ńlá, kò sì sí sílìǹgì nítorí ooru wẹ́dìn. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ di gbọ̀ngàn ìdánwò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ náwó láti ba gbogbo ìwọ̀nyí jẹ́ kó tó náwó láti kọ́ ohun tó ń fẹ́. Lathe kì í sì í ṣe tábìlì tí alábàárù méjì ń gbé. Wọ́n ń fi òṣùwọ̀n omi tẹ́ ẹ lórí ìdúró rẹ̀ ni, kí ara rẹ̀ má bàa lọ́; bí wọ́n bá fi okùn fà á jáde, tí wọ́n sì jù ú sórí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú, irin tó bá fá lẹ́yìn ìgbà náà yóò tóbi lápá kan, yóò sì tín-ín-rín lápá kejì, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ títí bíárìnnì yóò fi kọ̀ láti wọ̀ ọ́. Ibi mìíràn wà nínú ọgbà wa tí kò nílò ju ọ̀dà, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti àga lọ. Kí ẹ̀ka tó ń bójú tó ilé kíkọ́ jáde wá yẹ wọ́n wò, a óò tẹ̀ lé wọn.

6. Òṣogbo nìyí o.

Nínú gbogbo ìlú tó wà nílẹ̀ Yorùbá, ti wa ló yẹ kó kẹ́yìn láti ti ilé tí wọ́n ti ń ṣe nǹkan. Ìlú aró ni wọ́n ń pè wá. Ibí ni ìjọba àpapọ̀ gbé ilé iṣẹ́ Machine Tools kalẹ̀ sí ní 1980, kí ó máa ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe ẹ̀rọ, lathe wà lára wọn. Ibí náà ni wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ irin sí. Ibí ni ojúkò tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá ń gbé ní àdúgbò Alékùwódò lè má fẹ́ gbà á gbọ́. Ní 1962, nígbà tí Dúró Ládiípọ̀ onítíátà àti Ulli Beier, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, dá ilé ọnà Mbari Mbayo sílẹ̀ níhìn-ín, wọn kò bi àwọn tó ń wọlé wá kọ́ ọnà ní ìwé ẹ̀rí; wọ́n kó ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn. Twins Seven-Seven, oníjó tó bá ẹni tó ń ta oògùn kiri dé ìlú yìí, di ayàwòrán tí ayé mọ̀. Jimoh Buraimoh, tó ń bójú tó iná orí ìtàgé fún Dúró Ládiípọ̀, di ẹni tí iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ wọ ilẹ̀ òkèèrè. Kò sí ìgbìmọ̀ tó lè yan àwọn méjèèjì ṣáájú. Ilẹ̀kùn tó wà ní ṣíṣí ló yàn wọ́n.

Bó bá sì jẹ́ pé owó ni ìdíwọ́, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan ní Takoradi, ní Gáànà, ti ní Fab Lab, ilé iṣẹ́ ọwọ́ irú Àgbẹ̀dẹ wa, láti 2004, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ MIT, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà. Ní Lomé, lọ́dún 2013, Afate Gnikou fi àlòkù ẹ̀rọ tí wọ́n ti dà nù kan 3D printer. Àwọn ẹgbẹ́ láti Yunifásítì Èkó àti ti Benin ti gbé ọkọ̀ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe lọ síbi ìdíje Shell Eco-marathon ní ilẹ̀ òkèèrè, níbi tí wọ́n ti ń wo ẹni tí ìwọ̀nba epo tàbí iná rẹ̀ yóò gbé jìnnà jù. Ibẹ̀ ni a fẹ́ gbé tiwa lọ.

7. Ohun tí a ń bèèrè.

Èkíní, kí ẹ fagi lé ìpinnu láti sọ Àgbẹ̀dẹ di gbọ̀ngàn ìdánwò, kí ó sì wà nínú ìwé tí ẹ fọwọ́ sí.

Èkejì, kí ẹ gba onímọ̀ ẹ̀rọ kan tí Àgbẹ̀dẹ nìkan ni yóò jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, tí kọ́kọ́rọ́ yóò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ óò rí i pé mo ń padà sórí ọ̀rọ̀ ẹni yìí ṣáá. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan ṣoṣo, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ohun kan péré ni ẹ lè fún wa nínú gbogbo èyí, òun ni kí ẹ fún wa. Títí tí ẹ óò fi rí i, olùkọ́ méjì ti sọ fún wa pé àwọn lè máa pín ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ márùn-ún mọ́ ara wọn lọ́wọ́, bí ẹ bá fọwọ́ sí i.

Ẹ̀kẹta, kí a kọ́ ibi ìṣáàjì bátìrì padà sí ìta: ògiri búlọ́ọ̀kù, páànù tí kò jò, àpótí onírin, iyanrìn. Kí ó di òfin pé ẹni tó bá ń ṣáàjì kò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀, àti pé a gbọ́dọ̀ dán sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan wò kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí a tó so ó mọ́ òmíràn. Bí yunifásítì bá fún wa ní búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì, a óò fọwọ́ ara wa mọ ọ́n. Ọmọ ẹ̀ka ìkọ́lé méjì wà láàárín wa.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kan ẹ̀rọ láìjẹ́ pé ó ti yege ìdánwò ààbò lórí ẹ̀rọ náà, kí orúkọ àwọn tó yege wà lára ògiri. Ẹni tó bá rú u, kí ó jókòó sílé fún sáà kan, kódà bó ṣe èmi.

Ẹ̀karùn-ún, kí aṣojú akẹ́kọ̀ọ́ méjì wà nínú ìgbìmọ̀ ààbò, kí wọ́n sì fi ohun tí wọ́n fi owó yàrá àṣeṣe ṣe láti ọdún méjì sẹ́yìn hàn wá.

A ń retí èsì yín kí àkókò ìforúkọsílẹ̀ iṣẹ́ àṣekágbá tó parí, nítorí pé nínú fọ́ọ̀mù náà, àyè kan wà tí a gbọ́dọ̀ kọ ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́ sí, ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò sì mọ ohun tí wọn yóò kọ. Bí ẹ bá fẹ́ rí wa, ọjọ́ àti wákàtí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn la ó wá. Kó tó dìgbà náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa ní kí wọ́n ṣí Àgbẹ̀dẹ fún wákàtí kan péré, kí a lè kó àwọn bátìrì tó wà lábẹ́ ibùsùn padà síbẹ̀.

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀,
Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún karùn-ún kan, lórúkọ ẹgbẹ́ mẹ́rin tí ń lo Àgbẹ̀dẹ.